Ẹ̀rù Ìṣubú Lára Àwọn Àgbàlagbà Tó Ń Gbé Nílé: Ìbéèrè Àwọn Ọmọ àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń béèrè nínú yàrá, lójú ìyá tàbí bàbá. Ìta ni wọ́n ti ń bi mí, nígbà tí mo bá ti kí arúgbó náà tán tí àwọn ọmọ ń sìn mí jáde sí títì, ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú gúúsù Kwara bí Ọ̀ffà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo kó wọn jọ síbí nítorí pé ìdílé tó ń béèrè wọn pọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì rò pé ilé tòun nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Kí ni ẹ̀rù ìṣubú? Ṣé àìsàn ni?

Ẹ̀rù ìṣubú ni kí ọkàn àgbàlagbà máa sọ fún un pé bó bá dìde yóò ṣubú, débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tí agbára rẹ̀ ṣì ká tì. Kì í ṣe àìsàn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn kò fojú kékeré wò ó. Ní 1990, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Mary Tinetti, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí wọ́n fi ń wọn bí ọkàn àgbàlagbà ṣe balẹ̀ tó lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́ mẹ́wàá, bíi wíwẹ̀ àti dídìde lórí ibùsùn. Ní 2005, àwọn olùṣèwádìí nílẹ̀ Yúróòpù gbé òmíràn jáde tó ní ìbéèrè 16, tó sì ka jíjáde lọ sí òde àti rírìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀ mọ́ ọn. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1 sí 4, àpapọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín 16 àti 64. Bí máàkì bá ṣe ń gòkè ni ẹ̀rù ń pọ̀ sí i.

Ìyá wa kò ṣubú rí. Kí ló dé tí ẹ̀rù fi ń bà wọ́n?

Kò dìgbà tí èèyàn bá ṣubú kí ẹ̀rù tó bà á. Bóyá ọ̀rẹ́ wọn kan yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí eegun ìgbáròkó rẹ̀ kán, tí kò sì kúrò lórí ibùsùn mọ́ títí wọ́n fi sin ín. Bóyá àwọn fúnra wọn ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n di ilẹ̀kùn mú, tí wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sì lè jẹ́ pé òòyì ń kọ́ wọn, tàbí pé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti kú tipiri nítorí ìtọ̀ ṣúgà, tí wọn kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà dáadáa mọ́.

Ẹ má sì sọ fún wọn pé kò sí ohun tó yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù, nítorí irọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ti pé ọdún 65, àwọn bí 28 sí 35 ló ń ṣubú lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bí 684,000 èèyàn ni ìṣubú ń pa kárí ayé lọ́dún kan, tí àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá kò ka ìwé yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti kí ọ̀pọ̀ aláìsàn nílé, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n rí.

Ṣé kò dára kí ẹ̀rù máa bà wọ́n, kí wọ́n lè máa jókòó jẹ́ẹ́?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí, òun ló sì gba ìdáhùn tó gùn jù. Ìbẹ̀rù díẹ̀ ní àǹfààní tirẹ̀: òun ló ń mú kí èèyàn di ohun kan mú, kó sì wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Èyí tó ń ṣe àkóbá ni èyí tó ń sọ èèyàn di ẹni orí àga. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ẹ̀rù ba ìyá, nítorí náà wọn kò dìde mọ́ àfi bó bá di dandan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣan itan tí wọn kò lò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í joro, oríkèé yóò le, ẹsẹ̀ yóò sì gbàgbé bó ṣe ń gba ara dúró nígbà tí èèyàn bá kọsẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá dìde, ara yóò máa gbọ̀n lóòótọ́, wọn yóò sì sọ pé, “Ẹ ò rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ṣe ń bí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù gan-an. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tún máa ń rìn lọ́nà tó léwu: á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, á mú ara le bí igi, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ débi tí yóò fi rí ọmọdé tó ń sáré bọ̀.

N kò ní fi bò: ìfẹ́ àwa ọmọ wà lára ohun tó ń bọ́ ẹ̀rù yìí. Nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá jókòó tí ìyá rẹ̀ ń bu omi, àwọn aládùúgbò á fi ẹnu bà á. Nítorí náà, kí ìyá tó na ọwọ́ sí ife, ọmọ kan ti gbé e. Kí wọ́n tó dìde, ẹni méjì ti dì wọ́n lápá mú. “Ẹ jókòó, Ìyá, a ó ṣe é.” Ohun tí ìyá ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ dídùn yìí ni pé àwọn ọmọ náà ti gbà pé wọn kò lè dá dúró mọ́. Àwọn èèyàn ń yin ọmọ, ẹsẹ̀ ìyá sì ń kú lọ.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ẹ̀rù náà ti pọ̀ jù?

Àgbàlagbà kì í sábà sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Wọ́n á ní ara àwọn kò yá, wọ́n á ní oòrùn mú jù, wọ́n á ní ariwo òde ìgbéyàwó kò bá àwọn lára mu mọ́. Ohun tí wọ́n ti pa tì láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ máa wò: wọn kì í jókòó níta mọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọn kì í wẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́, wọn kì í mu omi lálẹ́ kí wọ́n má baà dìde tọ̀ lóru.

Ní ilé kan ní Pakata, ní Ìlọrin, ògiri ló sọ fún mi. Ilé àtijọ́ ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ọ̀dà funfun ni wọ́n sì fi kùn ún. Láti ẹnu yàrá ìyá títí dé ibi ìdáná ni àtẹ́lẹwọ́ ti pa ògiri náà dúdú ní ìlà kan gbọọrọ tó ń dán bí awọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn, mo rí i pé eruku ọyẹ́ ti bo apá tó kángun sí ibi ìdáná. Ibi tó ṣì ń dán kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, láti ẹnu yàrá dé balùwẹ̀. Ìyá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi tán pé ojoojúmọ́ ni àwọn ń lọ wo ọbẹ̀ níná.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ lè wọ̀n, ẹ gbé àga tó ní apá síbi tó tẹ́jú, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ ní mítà mẹ́ta síwájú rẹ̀. Kí ìyá dìde, kí wọ́n rìn dé ìlà náà bí wọ́n ṣe máa ń rìn, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n sì tún jókòó. Kí ẹ fi fóònù ka àkókò náà, kí ẹnì kan sì dúró nítòsí wọn. Bó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ìṣubú wà, ó sì yẹ kí oníṣègùn wò wọ́n. Bó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa tí wọn kò sì jáde síta, a jẹ́ pé ẹ̀rù ni iṣẹ́ pọ̀ sí ju ẹsẹ̀ lọ.

Kí ni kí a máa sọ fún wọn?

Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ìyá kan ní Òmù-Àrán sọ fún mi pé kì í ṣe ìṣubú gan-an ló ń ba àwọn lẹ́rù. Ó ní, “Bí mo bá ṣubú ní balùwẹ̀, ta ló máa wá gbé mi? Ọkọ ọmọ mi ni. Ṣé ìhòòhò ni ó máa bá mi?” Oṣù mẹ́rin ni àwọn ọmọ fi ń ra oògùn orúnkún fún ìyá yìí. Ohun tó tu ọkàn wọn lára ni aṣọ gbẹ̀jẹ̀gbẹ̀jẹ̀ kan tí a kọ́ sítòsí ọwọ́ ní balùwẹ̀, agogo kékeré, àti àdéhùn pé ọmọbìnrin wọn nìkan ni yóò wọlé bó bá dún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jọ pín ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù sí wẹ́wẹ́. Bó bá jẹ́ pé lílọ sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ wọn lópòópónà kejì ni, kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni ọ̀sẹ̀ yìí, kó dé ìdí igi máńgòrò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé àga síbẹ̀ láti fi sinmi. Àwọn ni kí wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ sún un síwájú. Bí ẹ bá ń rìn pẹ̀lú wọn, ẹ má dì wọ́n lápá mú kí ẹ máa fà wọ́n. Ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, díẹ̀ sí ẹ̀yìn, kí ẹ tẹ́ apá tiyín kí wọ́n fúnra wọn dì í mú nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Ẹ sì jáwọ́ nínú “Ẹ rọra o! Ẹ rọra o!” tí a máa ń pariwo tẹ̀ lé wọn, ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé kò nílò ariwo.

Ǹjẹ́ oògùn tí wọ́n ń lò lè wà nídìí rẹ̀?

Ó lè wà nídìí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Oògùn oorun bíi diazepam, amitriptyline tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta, Piriton tí wọ́n ń lò fún ara yíyún, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo wọn lè mú kí òòyì kọ́ àgbàlagbà tàbí kí ara wọn máa ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ da gbogbo oògùn náà sínú ọ̀rá kan, ti kẹ́mísìtì, ti ìyá alágbo àti èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín.

Ẹ tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n bá dìde dúró. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gun orí bí wọ́n bá dìde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí etí ibùsùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó máa mi ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò, kó tó nàró. Ojú pẹ̀lú: a lè ṣe iṣẹ́ abẹ ojú tí ó ti funfun, kò sì yẹ kí a fi í sílẹ̀ nítorí pé “ọjọ́ orí ni.”

Kí ni kí a tún ṣe nínú ilé?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti balùwẹ̀. Ẹ pe wẹ́dà kí ó rọ irin ìdìmú, kí bíríkìlà sì rì í mọ́ inú búlọ́ọ̀kù gan-an, kì í ṣe orí táìsì, kí ọkùnrin tó sanra fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn wò kí ìyá tó fọwọ́ kàn án. Àpótí onígi tó wúwo sàn ju àga rọ́bà fífúyẹ́ tó ń yọ̀ nínú omi ọṣẹ. N óò sì sọ ohun tí àwọn tó kọ́ ilé tuntun fún ìyá wọn kì í fẹ́ gbọ́: ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lásán sàn fún arúgbó ju táìsì dídán lọ.

Iná tún kọ́. Lóru tí wọ́n bá mú iná lọ ni ìyá máa ń fẹ́ tọ̀, nítorí náà kí láńtà oníbátìrì wà níbi tí ọwọ́ wọn lè tó láìdìde, kí póò sì wà lẹ́bàá ibùsùn, láìsí ìtìjú kankan. Ẹ ká àwọn ẹní wẹ́wẹ́ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì gba wáyà jẹnẹrétọ̀ sí ìdí ògiri. Sílípáàsì tí kò di gìgísẹ̀ mú àti ìró tó ń wọ́ nílẹ̀ kò bá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró ire mu.

Àlùwàlá àti ìrun ló ń ba bàbá wa lẹ́rù jù. Kí ni a lè ṣe?

Ní Ìlọrin, kò sí bí mo ṣe lè sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàbá àgbà kí n má kan èyí. Bíbẹ̀rẹ̀ mọ́ bútà ní ìdájí, ẹsẹ̀ kan sókè, ilẹ̀ tútù lábẹ́ èkejì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú. Kí wọ́n jókòó ṣe àlùwàlá lórí àga tó dúró dáadáa, kí ọmọọmọ da omi, kí wọ́n sì nu ẹsẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó wọ bàtà. Ní ti ìrun, hádíìsì tí gbogbo àlùfáà mọ̀ ni pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ fún Imran ibn Husayn, ẹni tí àìsàn ń ṣe, pé kó kírun ní ìdúró, bí kò bá lè ṣe é kó jókòó, bí kò bá tún lè ṣe é kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bàbá mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ìtìjú orí àga láàárín sàfù, ìyẹn ìlà àwọn tó ń kírun, ló kù. Ẹ bẹ àlùfáà àdúgbò kí ó fúnra rẹ̀ wá sọ fún wọn pé ààyè wọn ń dúró dè wọ́n. Mo ti rí bàbá tó padà sí mọ́sálásí láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú lè gbé àga sí ibi tí kò ní gba kí ìyá gun àtẹ̀gùn.

Irú eré ìdárayá wo ló bá ara tí kò gbé kánkán mọ́ mu?

Èyí tí ó ń mú itan àti ọrùn ẹsẹ̀ lágbára, tó sì ń kọ́ ara bí a ṣe ń dúró ṣinṣin. Ní Yunifásítì Otago ní New Zealand, wọ́n ṣètò irú eré bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ìrìn. Nígbà tí wọ́n kó àbájáde rẹ̀ jọ, ìṣubú fi nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kò gba irinṣẹ́ kankan tí kò sí ní Ìlọrin. Kí wọ́n dìde lórí àga kí wọ́n tún jókòó, ìgbà márùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n fi ọwọ́ ti apá àga bó bá yẹ. Kí wọ́n di etí tábìlì tó wúwo mú, kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ sókè, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Kí wọ́n rìn ní ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ bọ̀, lẹ́bàá ògiri. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí òòyì bá dé, kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Iṣan kì í ti inú ọ̀kà nìkan wá. Gbẹ̀gìrì, ẹyin, ẹja àti wàrà wà nítòsí wa, kí ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ pé omi ọbẹ̀ ló ń kan ìyá nítorí pé eyín ti lọ.

Ọ̀pá ńkọ́?

Ọ̀pá kì í ṣe àbùkù. Kí orí rẹ̀ bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba nígbà tí wọ́n bá dúró tí apá wà nílẹ̀, kí rọ́bà wà nídìí rẹ̀, kí ó sì wà ní ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n.

Bí wọ́n bá wá ṣubú lóòótọ́?

Ẹ má sáré gbé wọn. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń dùn wọ́n. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú tàbí tó yí síta, bí wọn kò bá lè gbé e, bí orí bá gbá ilẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ilé ìwòsàn ni. Kí ẹ má gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun ìbílẹ̀ kí wọ́n tó ya fọ́tò eegun náà.

Bí kò bá sí ìpalára, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde fúnra wọn. Kí wọ́n sinmi, kí wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara sókè, kí wọ́n fi ọwọ́ àti orúnkún rá dé ìdí àga tó dúró dáadáa, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú, kí wọ́n tì í, kí wọ́n yí ara jókòó. Mo máa ń fẹ́ kí físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, kọ́ wọn ní èyí lórí ẹní, nígbà tí kò tíì sí ewu. N kò tíì rí ohun tó ń lé ẹ̀rù lọ bí kí ìyá rí i pé àwọn lọ sílẹ̀, àwọn sì padà dìde. Àwọn físíò wà ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Oyì. Bí ìyẹn bá jìnnà, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí yín.

Àwọn ará ilé ń sọ pé ayé ló ń ti ìyá wa.

N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́. Kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá.

Èkó ni gbogbo wa wà, ìyá nìkan ló wà ní Òró pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan. Kí ni ká ṣe?

Ẹ ra fóònù kékeré onínọ́ńbà ńláńlá, kí wọ́n rán àpò aṣọ fún un kí ó lè máa wà lọ́rùn wọn, kódà nígbà tí wọ́n bá ń lọ wẹ̀. Kí aládùúgbò kan ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́. Ẹ fi àkókò méjì sílẹ̀ tí ẹ óò máa pè, láàárọ̀ àti ní alẹ́, kí gbogbo ọmọ sì mọ ẹni tí yóò lọ wò wọ́n bí wọn kò bá gbé e. Ẹ má pè láti máa fi ìṣubú halẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n rìn dé lónìí. Ẹ sì kọ́ ọmọbìnrin náà pé kò gbọdọ̀ dá gbé ìyá nílẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ni yóò ṣubú.

Ìsọmọlórúkọ ọmọọmọ wọn wà ní Ọ̀ffà lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá fẹ́ lọ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Ṣé kí a jẹ́ kí wọ́n lọ?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Kí ẹnì kan ṣáájú lọ wo àtẹ̀gùn àti ilé ìtọ̀ tó wà níbẹ̀. Iwájú mọ́tò ni kí wọ́n jókòó sí, kí wọ́n fi ìdí wọlé kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀, bí ẹ bá sì ti Ìlọrin gbéra, kí mọ́tò dúró ní Ìdọ̀fìàn kí wọ́n na ẹsẹ̀ bó bá ti rẹ̀ wọ́n. Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n má ró ìró kanlẹ̀. Kí àga wọn wà lẹ́bàá ògiri, kúrò lójú ọ̀nà àwọn tó ń gbé abọ́ oúnjẹ, kí ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá sì kan wọn láti fún ọmọ ní oyin àti iyọ̀ tọ́ wò, ẹ gbé ọmọ náà wá sí itan wọn níbi tí wọ́n jókòó sí.